Ohùn Tó Ń Lọ Níwájú Tamsin

Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Mo wà lẹ́yìn káńtà nínú ṣọ́ọ̀bù wa ní ìsàlẹ̀ òkè Pennick, mò ń to ìbọ̀wọ́, nígbà tí ọmọbìnrin kan ti ilẹ̀kùn wọlé, ó fi èjìká gbá ère onírọ́bà tí a fi ń polówó aṣọ òtútù, ó sì sọ fún un pé, "Ẹ má bínú o, sà."

Mo rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Mo bú sẹ́rìn-ín. Ó yíjú síbi tí ẹ̀rín náà ti wá, òun náà rẹ́rìn-ín, ó wá ní awò tí òun fi ń bojú nínú yìnyín ni òun fẹ́ pààrọ̀.

"Èyí tí mò ń lò kò dáa mọ́," ó ní. "Tí oòrùn bá ràn, kò burú. Ṣùgbọ́n tí ìkúùkuù bá ti bolẹ̀ báyìí, mi ò rí gegele, mi ò rí kòtò. Wọ́n ní ẹ ní dígí tó dáa fún un."

Mo ké sí Corwin nínú yàrá ẹ̀yìn. Maude, ẹ̀gbọ́n mi, ló bí Corwin, ọmọ kan ṣoṣo tó bí sì nìyẹn. Ọkọ Maude ti kú láti ìgbà tí ọmọ náà wà ní kékeré, èmi náà ò bímọ, nítorí náà àwa méjèèjì la jọ tọ́ ọ, èmi pẹ̀lú àkẹ́jù, Maude pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Nígbà tó dàgbà, mo mú un wá sí ṣọ́ọ̀bù kó máa bójú tó akoto àti awò àwọn tó ń sáré síkì, ìyẹn pátákó gígùn tí wọ́n ń dè mọ́ ẹsẹ̀ láti fi yọ́ lórí yìnyín. Iṣẹ́ náà bá a lára mu. Ó máa ń fi ọwọ́ méjèèjì di orí oníbàárà mú, á máa béèrè pé, "Ṣé ó ń fún ẹ níbí? Níbí ńkọ́?" Àwọn ọmọbìnrin kan wà tó jẹ́ pé torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ra akoto.

Ó jáde, ó kí ọmọbìnrin náà, ó fi awò onídígí yẹ́lò kan wọ̀ ọ́, ó mú un dé ẹnu ọ̀nà pé kó wo ìta.

"Kí lo rí?"

"Funfun."

Ó pààrọ̀ ẹ̀ sí onídígí pupa fẹ́ẹ́rẹ́. "Èyí ńkọ́?"

"Funfun tó pọ́n."

Èmi tún rẹ́rìn-ín. Corwin kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè lẹ́bàá etí ẹ̀, ó wá rọra ń mú un bọ̀ níwájú. Ọwọ́ yẹn kọjá etí, ó kọjá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọmọbìnrin náà kò ṣẹ́jú. Ìgbà tí ìka fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú ẹ̀ ló tó fò sẹ́yìn.

"Kí lò ń ṣe?"

"Mò ń wò ó bóyá awò ni ìṣòro."

Ìwọ̀nba ẹ̀rín tó kù lójú ọmọbìnrin náà ṣá. "Awò ni mo wá rà. Mi ò wá ṣàyẹ̀wò. Ta awò fún mi."

"Mi ò ní tà á fún ẹ," Corwin ní, ohùn ẹ̀ sì rọ̀. "Kò sí dígí nínú ṣọ́ọ̀bù yìí tó lè ṣe ohun tó o fẹ́ kó ṣe."

Ó bọ́ awò náà. Ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ wá ibi tí káńtà wà kó tó gbé e lé e. Bó ṣe ń jáde, ó tún kọ lu ère yẹn. Lọ́tẹ̀ yìí, kò bẹ̀ ẹ́.

"O ṣeun," mo sọ fún Corwin. "Bí a ṣe ń lé oníbàárà nìyẹn."

Kò gbọ́ mi. Ó ti ń wá bàtà tó máa fi sá tẹ̀lé e.

Tamsin Hallgren ni orúkọ ẹ̀. Gbàrà tí mo gbọ́ Hallgren, gbogbo ẹ̀ yé mi. Lyle, bàbá ẹ̀, máa ń wa ọkọ̀ agbégi kí ojú ẹ̀ tó fọ́. Àìsàn tó mú ojú Lyle ti mú ojú ìyá Lyle náà rí. Kì í dun èèyàn, kì í sì í yára. Láti ẹ̀gbẹ́ ló ti ń jẹ ojú wá sí àárín, bí ìgbà tí wọ́n ń rọra fa okùn ẹnu àpò, títí á fi ku ihò kékeré kan, lẹ́yìn náà ihò yẹn á dí. Láti kékeré ni Tamsin ti ń sáré síkì lórí òkè yẹn. Ẹsẹ̀ ẹ̀ mọ gbogbo ọ̀nà ibẹ̀. Òun ló fi ń tan ara ẹ̀ jẹ, tó fi ń tan àwa yòókù jẹ.

Corwin bá a níbi tí wọ́n ti ń páàkì mọ́tò. Ọmọbìnrin náà dúró, kò mọ mọ́tò tó gbé e wá mọ́ nítorí pé òjò yìnyín ti bo gbogbo wọn.

"Ojú tèmi dáa," Corwin sọ fún un. "Jẹ́ kí n máa lọ níwájú ẹ, kí n máa pariwo ọ̀nà fún ẹ."

"Ṣé màlúù ni mí, tí wàá máa dà mí?"

"Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń da màlúù. Iwájú lèmi máa wà."

Corwin ní ẹ̀rín ló pa Tamsin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi ń bọ́ lójú ẹ̀.

Tamsin padà wá sí ṣọ́ọ̀bù. Corwin mú akoto fún un. Nígbà yẹn, àwọn ọmọdé àti àwọn tó ń sáré ìdíje nìkan ló ń dé akoto ní Pennick. Fìlà onírun làwa tó kù ń dé. Ó fi okùn wọn orí ẹ̀ lókè ìpéǹpéjú, ó mú akoto méjì wá, ó ní kó mi orí.

"Tí akoto bá mì tí awọ orí ẹ ò bá a mì, ó tóbi jù. Tí orí bá sì ń fọ́ ẹ, ó kéré jù. Mi orí ẹ dáadáa, má ṣe bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé."

"Ta ló sọ fún ẹ pé ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé kì í mi orí?"

Lẹ́yìn náà ló wá mú awò. Tamsin ti í padà. "Èyí ńkọ́? Kí ni afọ́jú ń fi awò ṣe?"

Mi ò tíì gbọ́ kó pe ara ẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ọwọ́ mi dúró lórí ohun tí mò ń ṣe.

"Ẹ̀ka igi ò mọ̀ pé o fọ́jú," Corwin ní. "Atẹ́gùn náà ò mọ̀. Ojú tí ò ríran ṣì ń dunni tí nǹkan bá gún un." Ó mú onídígí pupa fẹ́ẹ́rẹ́ yẹn fún un, torí òun ló mú ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó kù fún un tutù jù. Ó tò ó mọ́ etí akoto títí tí kò fi sí àlàfo níwájú orí tí òtútù lè gbà wọlé. Ó kìlọ̀ fún un pé kó má gbé e sórí akoto nígbà tí yìnyín bá wà lára ẹ̀, torí inú ẹ̀ á rin, á sì ṣú.

Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Corwin á wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn lọ níwájú, Tamsin á máa bọ̀ lẹ́yìn, ohùn Corwin á máa dún láàárín igi: "Òsì! Òsì sí i! Ọ̀tún... dúró ṣánṣán... ọ̀tún!" Àwọn ọmọ ìlú gbádùn wọn. Lọ́jọ́ kan, níbi tí a ti ń tò láti wọ àga orí wáyà tó ń gbé èèyàn gòkè, ọ̀gbẹ́ni kan pariwo pé, "Ẹ wá wo afọ́jú tó wọ awò! Kí ló fẹ́ wò?"

"Ìwọ ni," Tamsin dá a lóhùn. "Wọ́n ní o burẹ́wà, mo ní àfi kí n fojú ara mi rí i."

Gbogbo ìlà náà hó. Corwin rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ nínú yìnyín. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo mọ̀ pé ọmọ wa ti lọ.

Kí ìgbà ìrúwé tó dé, ohùn Corwin máa ń há lálaalẹ́. Mo máa ń po omi gbígbóná àti oyin fún un. Á máa mu ún, á sì máa rẹ́rìn-ín sínú ife bí ẹni tó jí ẹran nínú ìkòkò.

"Àǹtí Winnie," ó ní lọ́jọ́ kan, "ẹ bá mi bá Màmá sọ̀rọ̀."

"Kí lo fi ẹnu tìẹ ṣe?"

"Ó ti há."

Alárinà ni mo dà nìyẹn. Mo lọ bá Maude ní ilé ẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ po ìyẹ̀fun, kò sì gbójú sókè.

"Mo mọ ohun tó gbé ẹ wá," ó ní. "Má sọ ọ́."

"Maude, ọmọ dáadáa ni."

"Ṣé mo ní ọmọ burúkú ni? Lyle fọ́jú. Ìyá Lyle fọ́jú. Òun náà ń fọ́. Ta ló kù tó máa fọ́, Winnie? Ṣé ọmọ-ọmọ mi ni?"

"A ò mọ̀ bóyá..."

"Ẹ ò mọ̀. Èyí tí ẹ ò mọ̀ yẹn ni ẹ fẹ́ kí n bá yín jó sí. Ọmọkùnrin yẹn nìkan ni mo ní. Mi ò bí i kó lè di ọ̀pá ìtilẹ̀ ẹnì kan."

"Ó wù ú ni."

"Iná náà máa ń wu ọmọdé." Ó wá gbójú sókè, mo sì rí i pé ó ti ń sunkún tipẹ́. "Má bá mi sọ̀rọ̀ mọ́."

Corwin náà lọ bá Lyle. Ó jókòó níwájú bàbá náà, ó ní òun fẹ́ fẹ́ ọmọ ẹ̀.

"Ṣé ojú ẹ ríran dáadáa?" Lyle bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó dáa. Lọ fi wo ohun tó o fẹ́ ṣe yìí. Ìyàwó mi náà sọ pé kò burú. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, kò sí nílé mọ́. Mi ò bá a jà. Àmọ́ mi ò fẹ́ kí ọmọ mi jókòó sórí àga tí mo jókòó lé yìí, kó máa gbọ́ ìró mọ́tò tó ń lọ."

Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe èèyàn burúkú. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó yan páì, ó gbé e dání, ó lọ sí ilé Tamsin ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ó bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìtìjú, ó ní òun ò kórìíra ẹ̀. Ó ní òun kàn ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ronú nípa ọmọ tí wọ́n máa bí, kó sì ronú nípa Corwin nígbà tó bá pé ogójì ọdún tó sì rẹ̀ ẹ́. Tamsin gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ẹ ò parọ́, mà. Ohun tí mo máa ń sọ fún ara mi láràárọ̀ nìyẹn." Ó dúpẹ́ páì.

Nígbà tí Corwin wá bi í pé ṣé ó máa fẹ́ òun, ó ní rárá.

"Torí Màmá ni?"

"Torí mi ni."

"Wo ojú mi kó o sọ ọ́."

"Corwin," ó ní, "ta ló ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún mi?"

Corwin kó ẹrù ẹ̀, ó lọ ṣiṣẹ́ ní òkè mìíràn ní ìpínlẹ̀ tó jìnnà. Ìgbà òtútù kan lọ tí a ò rí i. Ó máa ń fóònù ìyá ẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn á sì kúrú bí orúkọ ajá. Maude gba ohun tó fẹ́, kò sì lè jẹun. Tamsin kò gun òkè ní gbogbo àkókò yẹn. Ìgbà tí mo lọ kí i, ó ń fi ọwọ́ tọ ògiri. Ihò tó kù yẹn ti dí.

"Ìgbà wo?" mo bi í.

"Mi ò mọ ọjọ́ náà gan-an. Mo kàn jí lọ́jọ́ kan, mò ń dúró kí ilẹ̀ mọ́." "Àǹtí, ṣé ó máa ń béèrè mi?"

Mi ò parọ́ fún un. "Kì í béèrè ohun mìíràn."

Òjò yìnyín àkọ́kọ́ ọdún tó tẹ̀ lé e kò tíì rọ̀ nígbà tí Corwin padà wálé. Kò lọ sílé ìyá ẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ló wá, ó ní ṣé iṣẹ́ òun ṣì wà. Mo gbá a ní ìbàdí, mo sì fóònù Tamsin.

Ó wá pẹ̀lú ọ̀pá funfun ẹ̀. Wọn ò dì mọ́ra. Wọ́n dúró bí ẹni tó wá sanwó iná.

"Mo gbọ́ pé o ti gbàgbé mi," Corwin ní.

"Mo gbọ́ pé fìlà onírun lo ṣì ń dé," Tamsin ní. "Tí o bá fẹ́ máa lọ níwájú mi, wàá dé akoto."

"Akoto máa ń dí mi létí. Mi ò ní gbọ́ bí síkì ẹ ṣe ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo gbọ́dọ̀ máa gbọ́ ọ."

"Èmi máa bá ẹ mú èyí tó o máa fi gbọ́. Jókòó."

Ó ní kí n kó gbogbo akoto tó wà wá. Ó fi ìka wọn orí Corwin bí Corwin ṣe wọn tiẹ̀ rí: lókè ìpéǹpéjú, lẹ́bàá etí, lẹ́yìn ọrùn níbi tí irun ẹ̀ ti máa ń ká. Ó pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo yíjú sí fèrèsé, ṣùgbọ́n etí mi ò yí. Ó dé èyí àkọ́kọ́ fún un, ó lọ dúró lẹ́yìn ẹ̀, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Kí ni mo sọ?"

"Mi ò gbọ́."

Ó ṣí i, ó dé òmíràn. "Kí ni mo sọ?"

"Ó dà bíi pé o ń bú mi."

"Ó sún mọ́ ọn." Ó yọ tìmùtìmù tó wà níbi etí akoto kẹta, ó dé e fún un, ó de okùn rẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n, ó fi ìka kan wò ó bóyá ó fún jù. Ó wá lọ sẹ́yìn, ó jìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì rẹ ohùn ẹ̀ sílẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èmi náà tí mo wà nítòsí, díẹ̀ ló kù kí n má gbọ́.

"Tó o bá ṣì fẹ́, fẹ́ mi."

Corwin kò yíjú padà. Ó jókòó jẹ́ẹ́, omi ń ṣàn lójú ẹ̀.

"Èyí dáa," ó sọ fún mi. "Ẹ bá mi dì í."

Oṣù karùn-ún ni wọ́n ṣègbéyàwó, nígbà tí yìnyín ti yọ́ tí gbogbo ìlú jẹ́ ẹrẹ̀. Èmi ni mo ran aṣọ ìyàwó. Lyle mú ọmọ ẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí kí n sọ pé ọmọ mú bàbá, torí ọ̀pá méjì ló ń gún ilẹ̀ níwájú wọn, àwọn èèyàn sì ń sunkún pọ̀ mọ́ ẹ̀rín. Maude wá. Ó jókòó síwájú níbi tó yẹ kí ìyá ọkọ jókòó sí. Ó jẹ búrẹ́dì díẹ̀, ó fẹnu ko Corwin ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó bọ Tamsin lọ́wọ́, ó sì lọ sílé kí wọ́n tó gé kéèkì.

"Ó wá," Tamsin sọ fún mi. "Mo gbọ́ bàtà ẹ̀. Ó tó."

Wọ́n gbé pọ̀ dáadáa. Wọ́n máa ń jà lórí ẹni tó gbé nǹkan síbí sọ́hùn-ún, torí tí Corwin bá ti gbé ife sílẹ̀ níbi tí kò yẹ, aya ẹ̀ á gbá a dànù. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni Corwin máa ń lọ jẹun lọ́dọ̀ Maude, òun nìkan. Maude máa ń di oúnjẹ ìyàwó fún un mú lọ, kò sì sọ pé kó mú ìyàwó náà wá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Ṣé ó ṣì ń dé akoto yẹn?" Mo ní ó ń dé e. Ó ní, "Ó kéré tán, ọmọbìnrin yẹn ṣe ìyẹn."

Òwúrọ̀ kan nínú ìgbà òtútù kejì lẹ́yìn ìgbéyàwó wọn, oòrùn yọ gan-an. Yìnyín ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo èèyàn fi ń ra dígí dúdú lọ́wọ́ mi. Corwin gba dígí tiẹ̀ kó tó kọjá, ó fi ẹnu ko mí lórí, ó ní, "Àǹtí, ẹ fi ọbẹ̀ pamọ́ fún wa." Tamsin di apá ẹ̀ mú. Ohun tí mo gbọ́ láti ẹnu Tamsin ni mo máa sọ, torí mi ò sí níbẹ̀.

Wọ́n ti sáré ọ̀nà náà lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yẹn. Ohùn Corwin ń lọ níwájú: "Òsì... òsì díẹ̀... ṣánṣán... ọ̀tún..." Tamsin wá gbọ́ ìró síkì kan láti òkè, ó yára ju bó ṣe yẹ lọ. Ó gbọ́ tí nǹkan lu nǹkan. Ó gbọ́ bí ẹ̀ka igi ṣe ya. Lẹ́yìn náà, kò gbọ́ ohùn mọ́.

Wọ́n ti jọ sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé tí ohùn bá dákẹ́, kó jókòó síbi tó bá wà. Ó jókòó. Ó ní òun kọ orin kan nínú ọkàn, pé tó bá parí, Corwin á sọ̀rọ̀. Orin parí. Ó ké pè é. Wáyà àga ń kùn lókè. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń sunkún nítòsí, ó ń wí pé, "Mi ò rí i, mi ò rí i." Àlejò ni, láti ìlú ńlá. Ó ti gbé awò ẹ̀ sórí nígbà tí yìnyín wà lára ẹ̀. Nígbà tó fà á wá sójú, ó ti ṣú, òun náà sì ń sáré lọ bẹ́ẹ̀.

Tamsin bọ́ síkì ẹ̀, ó fi ọwọ́ àti orúnkún rá lọ síbi tí ẹkún náà ti ń wá. Ó fọwọ́ kan ẹni tó ń sunkún, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó kan bàtà kan, ó mọ̀ ọ́n. Ó gba orí ẹsẹ̀ dé àyà, ó gba àyà dé àgbọ̀n. Okùn akoto ṣì wà ní dídè. Awò ẹ̀ ṣì wà lójú ẹ̀ dáadáa. Ó ṣí awò náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú rẹ̀ kí oòrùn má bàa gún un, ó sì jókòó ti orí ẹ̀, ó ń sọ fún un pé, "Òsì, Corwin. Ọ̀tún. Mo wà níbí," títí àwọn ẹ̀ṣọ́ òkè fi dé.

Igi ló fi àyà gbá. Dókítà sọ pé kò sí ohunkóhun tó ṣe orí ẹ̀. Kò sí ìlà kan lára akoto náà.

Maude dúró nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, ó gbé akoto yẹn dání, ó ń yí i síwá sẹ́yìn bí ẹni tó ń wá àbùkù lára ọjà. Nígbà tó rí Tamsin tí mo mú lọ́wọ́, ó ní, "Bí kì í bá ṣe tìẹ, kí ni ì bá lọ ṣe níwájú?"

"Maude!" mo ní.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́, Àǹtí," Tamsin ní. "Mo ti sọ ọ́ kí wọ́n tó sọ ọ́."

A sin ín. Maude àti Tamsin kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ létí sàréè. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn kọ̀wé, a ò dáhùn. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bi Tamsin nínú. Mo rò pé ìbànújẹ́ ni. Ìbànújẹ́ nìkan kọ́. Nígbà tí dókítà sọ fún un pé ó lóyún, ó ní kí n má wí fún ẹnì kankan. Mo ní ṣé kí n má wí fún Maude.

"Kí ni wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ mi? Ṣé ó máa ríran? Mi ò mọ̀. Mi ò lágbára láti tún gbọ́ ìbéèrè yẹn, Àǹtí."

Ṣùgbọ́n ìlú kékeré kì í lè bo oyún mọ́lẹ̀. Maude gbọ́. Ó kàn di oúnjẹ, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà mi, ó ní, "Gbé e fún un. Má sọ pé èmi ni." Tamsin jẹ ẹ́. Ó mọ ọwọ́ tó sè é. Èmi ni mo ń gbé abọ́ lọ, tí mò ń gbé abọ́ bọ̀, alárinà láàárín obìnrin méjì tó ń ṣọ̀fọ̀ ẹnì kan náà.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló bímọ, ọmọkùnrin. Mo fóònù Maude láti ọsibítù. Ó kàn gbé fóònù sílẹ̀, mo sì ka á sí pé kò ní wá. Kò tíì pẹ́ tí mo rí i lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, ó wọ aṣọ ilé, bọ́tìnnì ẹ̀ ò bára wọn mu. Ó dúró síbẹ̀, kò lè wọlé, kò lè padà.

Tamsin gbé ọmọ sí àyà. Ó gbórí sókè.

"Mo mọ bàtà yẹn," ó ní.

Maude di ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn mú.

"Màmá, ẹ wọlé. Mo fẹ́ bẹ̀ yín ní nǹkan kan." "Mo ti fọwọ́ kan án títí. Mo mọ bí etí ẹ̀ ṣe rí, mo mọ ìka ẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní ó lẹ́wà. Gbogbo ọmọ ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ fún. Ẹ̀yin ni ẹ máa sọ òótọ́ fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ojú ẹ̀ ṣe rí?"

Mo fẹ́ dáhùn. Mo pa ẹnu mi mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi rìn dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó jókòó. Ó tẹ̀ síwájú, ó wo ọmọ náà fún ìgbà pípẹ́.

"Iwájú orí ẹ̀ fẹ̀," ó ní. Ohùn ẹ̀ le, bí ẹni tó ń kàwé fún olùkọ́. "Irun ẹ̀ kò pọ̀. Ó pupa díẹ̀. Ó ń ká lẹ́yìn ọrùn." Ó fi ìka kan imú ọmọ náà. "Imú ẹ̀ kéré. Tìẹ ni. Ẹnu ẹ̀... ètè òkè rọ̀ díẹ̀ lápá òsì. Tó bá ń sùn, á dà bíi pé ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ náà ni Corwin ṣe rí nígbà tí mo bí i. Bẹ́ẹ̀ gan-an..."

Kò lè parí ẹ̀. Ó fi orí lé etí bẹ́ẹ̀dì, ó bú sẹ́kún, ẹkún tí kò sun létí sàréè. Tamsin na ọwọ́, ó wá orí ẹ̀ títí ó fi rí i, ó sì fi ọwọ́ lé e.

"Ẹ máa bá a lọ, Màmá," ó ní. "Mò ń gbọ́."